Tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, kí lẹ tún ní kí Ọlọ́run sọ?

Èrò ọkàn mi lèyí o, ẹni tó bá máa bínú kó bínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ kì í wá ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run mọ́, òǹtẹ̀ là ń wá. A ti pinnu, a ti ṣètò, a ti sọ fún màmá nílé, ó wá ku ká lọ bá pásítọ̀ pé "ẹ bá wa gbàdúrà, kí Ọlọ́run fọ̀nà hàn wá." Ọ̀nà wo gan-an?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ jápa tó gbòde yìí. Bùrọ̀dá kan á dìde níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́, á ní kí ìjọ bá òun gbé e síwájú Olúwa, bóyá kóun lọ UK àbí kóun dúró. Gbogbo wa á gbóhùn sókè, àwọn kan á fèdè fọ̀, àwọn ìyá ìjọ á na ọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá wá délé tẹ́ ẹ ṣí WhatsApp, status ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí: fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, àga pálọ̀, ibùsùn ọmọ, "owner relocating", kẹ́ ẹ tètè pe nọ́ńbà. Ó ti san owó sílẹ̀ fún yunifásítì, mọ́tò ti lọ tipẹ́. Ó dáa, tí Ọlọ́run bá wá ní kó má lọ báyìí ńkọ́? Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

Mi ò ní kéèyàn má jápa o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Àwọn kan lọ, Ọlọ́run sì wà pẹ̀lú wọn níbẹ̀, gbogbo wa la rí i.

Ìtàn kan wà nínú Jeremáyà orí 42 tí mi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi wàásù ẹ̀ dáadáa. Bábílónì ti pa Jerúsálẹ́mù run, àwọn Júù kan tún wá pa Gedaláyà tí ọba Bábílónì fi ṣe gómìnà, ẹ̀rù wá ń ba àwọn tó ṣẹ́ kù pé ọba máa gbẹ̀san lára wọn. Ni Johánánì ọmọ Káréà àtàwọn ọ̀gágun bá kó gbogbo èèyàn, tọmọdé tàgbà, lọ bá wòlíì Jeremáyà, pé jọ̀ọ́, bá wa bẹ Olúwa kó fi ọ̀nà tá a máa rìn hàn wá, ì báà dára ì báà burú, a máa gbọ́ràn. Àdúrà tó dùn mọ́ni létí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí orí 41 ẹsẹ 17, ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n ti tẹ̀dó sí, Íjíbítì ni wọ́n sì ń lọ! Ẹrù ti wà lórí kí wọ́n tó béèrè.

Ọjọ́ 10 kọjá kí Olúwa tó fèsì (ká ní àwọn wòlíì kan tòde òní ni, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n á ti ní "Olúwa wí pé"). Èsì wá dé: ẹ dúró sílẹ̀ yìí, ẹ má bẹ̀rù ọba Bábílónì, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní irọ́ ni Jeremáyà ń pa, Bárúkù akọ̀wé ẹ̀ ló ń tì í. Wọ́n sì lọ, wọ́n tún mú Jeremáyà gan-an dání.

Dáfídì ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kéílà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú yẹn lọ́wọ́ Filísínì ni o, èèyàn á rò pé wọ́n á gbè é, síbẹ̀ ó béèrè: ṣé Ọba Sọ́ọ̀lù tó ń wá ọ̀nà àtipa mí máa wá? Ṣé àwọn ará ìlú yìí máa fà mí lé e lọ́wọ́? Olúwa ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun àti bí 600 ọkùnrin bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fi Kéílà sílẹ̀.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ìbéèrè tó yẹ ká béèrè gan-an, a kì í gbé e dé ibi àdúrà. Láti January 2024 ni ìjọba UK ti ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ka master's ò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, nígbà tó di March ọdún yẹn ó kan àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ care náà. Ìyẹn ni pé "ṣé kí n lọ" kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ fún ẹni tó ní ìdílé, "ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀, fún ìgbà wo, ta ló máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ" lọ̀rọ̀. Ìyàwó bùrọ̀dá yẹn wà nínú àdúrà yẹn náà o, ó di ọmọ sẹ́yìn, ó ń ṣe àmín. Ṣé ẹnì kankan bi í léèrè kí wọ́n tó sanwó?

Fún èmi o, pásítọ̀ tó bá kọ́kọ́ bi yín pé "ṣé ẹ ti sanwó? kí nìyàwó yín sọ?" kó tó gbé ọwọ́ lé yín lórí, ẹ má bínú sí i jàre, ẹ jókòó ti irú wọn.