Káńsẹ́lọ̀ tí kò lè ka ìwé ìṣúná, kí ló ń bá wa ṣọ́?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kó má ṣe dúró lọ́wọ́ gómìnà kankan mọ́. Kò pé oṣù márùn-ún sígbà náà, ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, a dìbò yan alága àti káńsẹ́lọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ìgbà náà, orí owó ni gbogbo awuyewuye dá lé: ta ló ń gbà á, akáǹtì wo ló ń wọ̀, ṣé lóòótọ́ ló tiẹ̀ ń dé. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ná an ni a ò bá wọn sọ. Nínú àwọn tí a dìbò fún láti Ògbèrè ní Ìjẹ̀bú títí dé Ìsarà ní Rẹ́mọ, mélòó ló lè jókòó ti ìwé ìṣúná káńsù kó sì mọ ohun tó ń wí?

A ò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló wà ní Ìjẹ̀bú, mẹ́ta ní Rẹ́mọ, a sì mọ irú èèyàn tó ń di káńsẹ́lọ̀ níbẹ̀: tíṣà, oníṣòwò, mẹkáníìkì, awakọ̀, àgbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti sá sókè sá sódò fún ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ wọ́ọ̀dù wọn bí ẹní mowó. Bí o bá ń wá ilé tí àgbàrá ń wọ̀, tàbí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí nọ́ọ̀sì kì í dé sí lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ni kí o bi. Òfin àti ìwé ni wọn ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n búra fún wọn tán, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú agbádá, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gbé ìwé tó nípọn síwájú wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Àwa ará ìlú náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Lójú wa, káńsẹ́lọ̀ gidi ni ẹni tó wá síbi ìsìnkú bàbá wa, tó pín ìrẹsì lọ́dún, tó bá wa sáré tiransifọ́mà. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Òun ló ń ṣòfin káńsù, òun ló ń fọwọ́ sí ìṣúná, òun náà ló yẹ kó pe alága kó wá ṣàlàyé bó ṣe ná owó. Ẹ ṣí àfikún kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin ọdún 1999, ẹ ó rí ohun tí òfin kó sí ìkáwọ́ káńsù: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ibi ìsìnkú, ìwé ìbí àti ìwé ikú, kíkó pàǹtí, gọ́tà, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ara ilé. Kí ohun tí wọ́n ń ṣe l'Abuja tó kàn wá lára, ìwọ̀nyí ti kàn wá láàárọ̀ kùtù.

Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà kan ṣoṣo. Nínú ìwé ìṣúná, ìlà kan péré ni: gọ́tà ní àdúgbò báyìí, iye owó báyìí. Lẹ́yìn ìlà yẹn, ìwé mìíràn wà lọ́dọ̀ ẹnjiníà káńsù, tó sọ bí gọ́tà náà ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe jìn tó, bí kọnkéré ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó, bóyá irin wà nínú rẹ̀ àbí kò sí, ṣé oní-mílímítà 10 ni irin náà àbí 12, ìdérí mélòó ni wọn yóò mọ fún ẹnu ọ̀nà àwọn onílé, àti ibi tí omi náà ń dà sí. Káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n ti kọ́ yóò béèrè ìwé kejì yìí kó tó nawọ́ sókè. Yóò bi wọ́n pé mítà 300 tẹ́ ẹ kọ síbí, láti iwájú ilé ta dé iwájú ilé ta? Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, yóò mú téèpù dání lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń to irin, nítorí bí wọ́n bá ti da kọnkéré lé e tán, kò sójú tó tún lè rí i. Èyí tí wọn ò kọ́, ọjọ́ tí wọn yóò ṣí gọ́tà ló máa béèrè. Ẹ̀ẹ̀rùn á kọjá, òjò oṣù Kẹfà á dé, ògiri á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, omi á ya wọ ilé opó kan nísàlẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń dà sí. Gọ́tà kan náà á tún padà wọnú ìṣúná ọdún tó tẹ̀ lé e.

Kò dìgbà tẹ́nì kan bá jalè kí owó tó ṣòfò báyìí. Olè wà o, a ò ní purọ́; ṣùgbọ́n olè gan-an, gbọ̀ngàn tí kò sí ẹni tó mọ ìṣirò níbẹ̀ ló wù ú jù.

Tàbí ká mú ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ìyá wa lọ́jà ń pariwo lé lórí. Òfin kan wà láti ọdún 1998 tó to orúkọ owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ ará ìlú. Ti ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ kedere: owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù, owó gáréèjì, owó odò ẹran, owó orí ilé, owó kẹ̀kẹ́, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti ọmọlanke, kódà owó tí ẹni tó dí títì pa nítorí ìnáwó yóò san. (Eléyìí nìkan ì bá ti sọ káńsù kan n'Ìjẹ̀bú di olówó, bí a ti mọ ara wa sí.) Káńsẹ́lọ̀ tó mọ ìwé yìí lè dúró láàrin ọjà Ṣágámù, kó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìyá aláta, kó kà á, kó sọ pé èyí bófin mu, èyí ò sí níbẹ̀, ẹ má san án. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní kí ìyá ṣe sùúrù.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin owó orí tuntun mẹ́rin, àwọn tó kan gbígba owó orí gan-an nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Àwọn káńsẹ́lọ̀ tó wà lórí àga ti búra kí òfin wọ̀nyẹn tó jáde. Ẹni tó bá kọ́ wọn lówó orí lọ́sẹ̀ ìbúra, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti gbó báyìí. Ìdí nìyí tá a fi ń sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Lọ́dọọdún ni kó jẹ́, títí wọn yóò fi kúrò níbẹ̀.

A mọ ohun tí òǹkàwé yóò sọ: ṣebí wọ́n ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń rí fọ́tò rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá l'Ékòó tàbí l'Abuja, báàgì àti bírò, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gígùn sọ nípa ìjọba rere, oúnjẹ ọ̀sán, owó ọkọ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó mú ìwé ìṣúná Odògbólú tàbí ti Àríwá Rẹ́mọ dání lọ síbẹ̀. Irú ìyẹn kọ́ là ń tọrọ, inú wa ò sì ní bàjẹ́ bí wọ́n bá fagi lé e lọ́la.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tá a fẹ́, ilé ni kí wọ́n ti ṣe é, ìwé káńsù fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n sì fi kọ́ni. Oṣù Kejìlá ni ọdún ìnáwó ń parí, nítorí náà kí apá kan rẹ̀ wáyé ní oṣù Kẹsàn-án, kí ìwé ìṣúná tuntun tó dé orí tábìlì. Kí apá kejì wáyé láàrin ọdún, lójú iṣẹ́, nídìí gọ́tà àti odò ẹran. Kí alága náà jókòó síbẹ̀, àti àwọn káńsẹ́lọ̀ alábòójútó tí alága yàn. Bí ọ̀gá bá rán aṣojú wá, ọmọ iṣẹ́ náà yóò rán aṣojú lọ́dún tó ń bọ̀.

Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ káńsẹ́lọ̀ ló ń dákẹ́ nínú ìpàdé torí pé Gẹ̀ẹ́sì lè já lé wọn lọ́wọ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni yẹn kan náà, bó bá di ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, á fi Yorùbá tú èlé oṣù mẹ́fà palẹ̀ láìwo ìwé. Òfin ilẹ̀ wa tiẹ̀ gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ wọn. Kí ló wá ń ba káńsù Àtàn tàbí ti Abígí lẹ́rù? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tá a sì dárúkọ yìí, ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ pàápàá máa ń jókòó gba ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ẹni bí ogún ọgbọ̀n nìyẹn o. Ti odidi ìlú la fi lé ẹni tí wọn ò kọ́ ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Níbòmíràn, wọn ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní South Africa, ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ a máa kó káńsẹ́lọ̀ tuntun jọ fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin ní kí àwọn tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ètò ilẹ̀ ìlú, títí kan ti ìlú kéékèèké, gba ẹ̀kọ́ wákàtí 4 lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá gbà á, wọn ò ní tún un yàn. Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1952, lọ́dún tí wọ́n ṣòfin tó gbé káńsù tí ará ìlú dìbò yàn kalẹ̀.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Kò tó iye tí gọ́tà kan tó wó ń jẹ. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, yunifásítì Tai Solarin wà n'Ìjàgun, Gateway Polytechnic wà ní Sàápàdé. Láàrin wa, àwọn akápò káńsù àti ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì wà nílé, tí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ sí nínú ìwé ìṣúná ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Kí wọ́n pè wọ́n.

Àtakò kan wà tó wúwo ju ti owó lọ. Àwọn kan ń sọ pé kò sí ohun tí ìmọ̀ fẹ́ ṣe fún káńsẹ́lọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi síbẹ̀. Bó mọ̀wé bí kò mọ̀wé, ohun tí alága bá gbé wá ni yóò fọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ipò alága 20 ní ìpínlẹ̀ yìí, a ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀kọ́ kì í fúnni ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ tó mọ̀, tó dákẹ́, a lè bi í pé kí ló dé tó o fi fọwọ́ sí i. Èyí tí kò mọ̀ ti ní àwáwí tirẹ̀ lápò, a ò sì ní rí i mú. Níwọ̀n ìgbà tí a ò bá kọ́ wọn, àwa fúnra wa là ń bá wọn hun àwáwí yẹn.

Ọdún mẹ́ta ni sáà wọn, ó sì ń parí lọ ní 2027. Kí àwọn alága mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kéde ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní gbangba, kí ìṣúná tó kàn tó délẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lẹ orúkọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì, níbi tí ẹni tó wá gba ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ yóò ti kà á. Bí wọ́n bá tún padà wá tọrọ ìbò, a ó tẹ orúkọ wọ̀nyẹn sínú ìwé ìròyìn yìí, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù.