Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò kan Ilé-Ifẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́fà dúró ní Lágere, wọ́n ń pín ìwé pélébé fún àwọn tó ń kọjá. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọjọ́ náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti tako ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, nítorí pé ní ọjọ́ náà lọ́dún 1960, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville, ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn lórí ìwé àṣẹ ìrìn tí òfin sọ di dandan fún aláwọ̀ dúdú. Màmá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì gba ọ̀kan, wọ́n ní kí ọmọ wọn kà á fún àwọn, wọ́n sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bèèrè pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó mélòó lẹ rí ní Ifẹ̀ yìí? Ta ló ń fìyà jẹ yín? Ẹ lọ kàwé yín."

Kì í ṣe màmá yìí nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ Iléṣà, pé níbi tí aláwọ̀ funfun kò bá gbé, ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò lè débẹ̀, àti pé ìṣòro àwọn ará Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń rà wọ̀lú. Èrò náà kò tọ̀nà, Ilé-Ifẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Ní ìparí ọdún 1910, onímọ̀ ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé sí Ifẹ̀. Wọ́n fi orí idẹ kan hàn án tí wọ́n ti wú jáde ní Igbó Olókun, ẹwà iṣẹ́ náà sì yà á lẹ́nu. Dípò kí ó béèrè pé alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ wo ló rọ irú nǹkan báyìí, ó pe Olókun ní Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ó sì polongo fún ayé pé òun ti rí Atlantis, ilẹ̀ inú àròsọ Gíríìkì tí wọ́n ní òkun bò mọ́lẹ̀, nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwé tó kọ, ó ní ó ba òun nínú jẹ́ pé irú àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀, tó pè ní aláìlọ́gbọ́n, ni alágbàtọ́ ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Kò gbé Ifẹ̀ pẹ́. Síbẹ̀, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, ó gbé e fún àwọn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kìkì nítorí àwọ̀ ara.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ ló dá a lóhùn. Lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, wọ́n bá orí idẹ tó ju mẹ́wàá lọ nínú ilẹ̀. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá dé mùsíọ́mù tó wà ní Ẹnuwá, kí ó rọra sún mọ́ wọn: lójú àwọn kan nínú wọn, yóò rí ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó sọ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, yóò sì rí àwọn ihò kéékèèké ní ẹ̀bá irun. Ìda oyin ni àwọn oníṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi ya ojú, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n fi iná yọ́ ìda náà dànù, wọ́n wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Wọ́n ti ṣe èyí kí ọkọ̀ Potogí tó kọ́kọ́ kan etíkun wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ pé dígí tí a fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀, láti òkè òkun ló ti wá, pé ńṣe ni àwọn baba wa kàn ń tún un yọ́. Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ walẹ̀ ní Igbó Olókun, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ nínú. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn èròjà dígí náà wò, wọ́n rí i pé níhìn-ín gan-an ni wọ́n ti sè é. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ìyẹn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tí Frobenius ti wá, tó sì ti lọ.

Láyé ìjọba amúnisìn, ọ̀rọ̀ náà tún hàn gbangba ju èyí lọ. Àwọn àdúgbò tí à ń pè ní GRA lónìí, aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún. Lọ́dún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ariwo tí àwọn ènìyàn pa lórí rẹ̀ ló mú kí ìjọba ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀.

Ní ti kí àwọn ọmọ lọ kàwé wọn, lọ́dún 1925 ní London, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀. Àwọn onílé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí sì fi owó tí wọ́n kó jọ ṣí ilé ibùgbé tiwọn lọ́dún 1933. Wọ́n ka ìwé, wọ́n sì jà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a ti fi ẹnu ara wa gba èrò Frobenius wọlé. A ń sọ pé ẹ̀mí nìkan ló kù tí òyìnbó kò lè dá, ọmọ tó ń gbọ́ ọ nílé lójoojúmọ́ á sì gbà bẹ́ẹ̀ kó tó dé ilé ìwé. Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wí díẹ̀ pẹ̀lú: ìwé tí wọ́n pín mẹ́nu ba Gúúsù Áfíríkà àti Amẹ́ríkà, kò mẹ́nu ba Ifẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè màmá fi tọ́.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin, ló kúnlẹ̀ tó bi màmá pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ṣe àwọn orí idẹ Ẹnuwá?" Màmá ní, "Àwọn baba wa ni. Ta ni ì bá tún ṣe é?" Ó wá sọ ti ará Jámánì náà fún wọn. Màmá gbàgbé bọ̀ọ̀lì sórí iná títí ó fi jó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní láti kékeré ni àwọn ti ń gba iwájú mùsíọ́mù yẹn kọjá, àwọn kò wọ ibẹ̀ rí, wọ́n sì bèèrè pé èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.