Iyọ̀ Kì í Ṣọ́ Ọgbà Ẹ̀fọ́: Ẹ̀fọ́ Ló Ń Pa, Ìgbín Á Sì Tún Padà Wá

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ ní Ọ̀bàntokò, ní Àṣerò, ní Àdìgbẹ, níbikíbi ní Abẹ́òkúta tí èèyàn bá gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé: "Ìgbín ti jẹ gbúre mi tán." Ìmọ̀ràn tó máa ń tẹ̀lé e kì í sì í yàtọ̀: "Lọ ra iyọ̀, kí o bù ú yí ebè rẹ ká. Ìgbín ò ní lè kọjá." Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń sọ ọ́, ẹni tí kò gbin ewé kan ṣoṣo rí náà ń sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ìmọ̀ràn yìí sílẹ̀.

Ibi tó ti wá kò ṣòroó mọ̀. Ilé ìdáná ni. Ẹni tó bá ti fọ ìgbín rí mọ bí a ṣe ń fi iyọ̀, álọ́ọ̀mù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ bó o, kí omi tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára rẹ̀ lè kúrò. Bí iyọ̀ bá kan ìgbín láàyè, á máa hó, á sì sún kì. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i, kò sí bí kò ṣe ní gbà pé iyọ̀ lọ̀tá ìgbín, òótọ́ sì ni. Omi ló pọ̀ jù nínú ara rẹ̀, awọ rẹ̀ kò sì lágbára láti há omi náà mọ́. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni omi máa ń sá lọ, nítorí náà iyọ̀ á fa omi inú rẹ̀ síta títí tó fi máa kú.

Àmọ́ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí ìgbín yẹn gan-an ló ń ṣe sí gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Gbòǹgbò ń rí omi fà láti inú ilẹ̀ torí pé omi inú rẹ̀ ki ju ti ilẹ̀ lọ. Bí iyọ̀ bá wá pọ̀ nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà: omi wà níbẹ̀, gbòǹgbò ò rí i fà. Ìyá kan ní àdúgbò wa bu iyọ̀ sí ìdí ilá àti ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Nígbà tó pè mí wá wò ó, ilẹ̀ tutù rinrin, síbẹ̀ ewé rọ jọwọlọ. Mo fa ewé ilá kan wò: àárín rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti pọ́n, ó ti gbẹ yíká bíi pé áyọ́ọ̀nù jó o. Ó ti ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ní ẹ̀bá ebè náà, ojú ibi tí ìgbín ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ti wà lára ewé tó kù.

Ẹ̀wà kò lè fara da iyọ̀ rárá, ilá àti ata náà kò fi bẹ́ẹ̀ lè. Tẹ̀tẹ̀ máa ń gbìyànjú díẹ̀. Irúgbìn tí ẹ bá fọ́n sórí ilẹ̀ oníyọ̀ kì í fẹ́ẹ́ hù, èyí tó bá sì hù á rán. Bí ilẹ̀ yín bá tún jẹ́ alámọ̀, iyọ̀ á ba bí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe so pọ̀ jẹ́: á dì pa lójú, òjò á rọ̀ tán, omi á dúró sórí rẹ̀ tí kò ní wọlẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kò burú, òun á ṣọ́ra, òun ò ní jẹ́ kó kan ìdí ẹ̀fọ́, etí ebè nìkan lòun máa bù ú sí. Kò yanjú ẹ̀. Ìgbín kì í rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ nínú oòrùn. Òru ló ń jáde, lẹ́yìn òjò tàbí nígbà tí ìrì bá ti sẹ̀. Òjò àti ìrì yìí kan náà ló ń yọ́ iyọ̀. Ìgbà tí iyọ̀ gbẹ, ìgbín ò jáde. Ìgbà tí ìgbín máa jáde, iyọ̀ ti yọ́ wọlẹ̀, ó ti dé ìdí ẹ̀fọ́. Odi tó máa ń wó ní wákàtí tí olè ń bọ̀ kì í ṣe odi.

Ohun kan sì tún wà tí èrò yìí gbàgbé. Àwa rò pé láti ìta ni ìgbín ti ń wá. Púpọ̀ nínú wọn, inú ebè náà ni wọ́n ń gbé: abẹ́ ewé tó ti jábọ́, inú ihò erùpẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń yé sí. Ìgbín kò sì ní pé èyí lakọ, èyí labo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè yé ẹyin, irú kan sì wà lára wọn tó lè yé ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá bu iyọ̀ yí ebè ká, ẹ ti sé wọn mọ́ inú oúnjẹ nìyẹn.

Èèpo ẹyin ńkọ́? Òun náà ò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ mú, á gé ìgbín lábẹ́. Omi tó ń yọ̀ tí ìgbín ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń rìn máa ń gbà á, débi pé ó lè gba ojú abẹ fẹ́lẹ́ kọjá láìfarapa. Ní 2018, Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn ológbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n gbin létúùsì, wọ́n fi èèpo ẹyin, òkúta wẹ́wẹ́, èèpo igi páìnì, irun àgùntàn àti bàbà pẹlẹbẹ yí wọn ká, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ gbalasa. Ìgbín jẹ èyí tí wọ́n dáàbò bò bó ṣe jẹ èyí tí wọn kò dáàbò bò. Ẹ bi àwọn tó ń sin ìgbín tà níbí: èèpo ẹyin tí wọ́n lọ̀ kúnná wà lára ohun tí wọ́n ń fún un jẹ kí ìkarahun rẹ̀ lè le. Oúnjẹ ìgbín la wá ń tò yí ẹ̀fọ́ ká.

Eérú sàn díẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Bó bá ti tutù, ó parí. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní metaldehyde ń pa ìgbín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè pa ajá àti adìẹ pẹ̀lú. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de lílò rẹ̀ níta láti 2022. Ẹ̀yìnkùlé tí adìẹ ti ń jẹ̀, tí ọmọdé ti ń ṣeré, kì í ṣe ibi tí mo lè ní kí ẹnikẹ́ni da irú rẹ̀ sí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò gba owó, àmọ́ ó gba ìdúróṣinṣin. Ẹ jáde lóru, bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa tí òjò sì ti dá, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti ike oníọmọrí. Ẹ má wo ojú ewé nìkan. Ẹ yí ewé padà, ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ igi. Àwọn tí kò ní ìkarahun, àwọn dúdú pẹlẹbẹ yẹn, máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ débi pé ojú lè fò wọ́n. Ẹ fi ọ̀rá bọwọ́, torí àwọn mìíràn lára wọn máa ń gbé aràn tó lè ran èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ tí ìgbín rìn lórí rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ rí omi dáadáa kó tó wọ ìkòkò. Àwọn kéékèèké, ẹ dà wọ́n sínú omi ọṣẹ. Ìgbín ńlá, ẹ ti mọ ohun tí a ń fi í ṣe, àfi bí ẹ bá ti fín oògùn sí àyíká náà. Bí ẹ bá ń ṣe èyí ní òru mélòó kan léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí àwọn tó wà nílẹ̀ tó yé, ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ títí dé àrọ̀kúrò.

Lójú ọ̀sán, ibùsùn wọn lẹ máa wá lọ. Níbí, òkúta ò wọ́n wa. Abẹ́ òkúta kò sì gbóná, ó ní ọ̀rinrin, ibẹ̀ ni ìgbín fẹ́ràn. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù lára ilé kíkọ́, pákó àti ìkòkò fífọ́ jìnnà sí ebè. Ẹ wá fi pákó kan ṣoṣo sílẹ̀ bíi tàkúté: ẹ rẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi èèpo ìbẹ́pẹ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀, ẹ ṣí i, ẹ kó wọn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí ẹni tí kò lè jáde lóru náà lè ṣe é.

Ẹ máa bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀fọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ tọ́ ọ nínú abọ́ lórí tábìlì títí igi rẹ̀ á fi le díẹ̀. Ẹ má pa ọ̀pọ̀lọ́. Ó ń jẹ èyí tí kò ní ìkarahun. Pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ ìgbín gan-an, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó wọ ibi tí ẹ̀fọ́ ṣì kéré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kọ ilẹ̀ náà padà, kí oòrùn lè rí ẹyin tó wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ti bu iyọ̀ sí tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí kò bá tíì sí òjò, kó tètè ha ojú ilẹ̀ náà kúrò, kó dà á síbi tí nǹkan kan kò ti ní hù. Bó bá ti wọlẹ̀, omi ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀: kó gbẹ́ ojú àgbàrá fún un, kó da omi kànga tàbí omi òjò sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ kó lè ṣàn án lọ sísàlẹ̀, kó wá fi ewé tó ti jẹrà dáadáa rò ó pọ̀. Kó má fi ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i, torí òun náà ní iyọ̀ nínú. Tẹ̀tẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fọ́n síbẹ̀. Bí etí ewé rẹ̀ kò bá pọ́n, ó lè wá gbin ilá, kó sì fi ẹ̀wà sẹ́yìn.