Gbogbo Aṣọ Kọ́ Là Ń Sá Lóòrùn: Ìtàn Bàbá Tó Ṣiṣẹ́ Ààbò ní Ẹ́ḿbásì

Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Òwe yìí ni àwọn ọmọ máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ tí bàbá wọn tó ṣiṣẹ́ ààbò ní ẹ́ḿbásì bá papò dà, tí atẹ̀wé ní Àkúrẹ́ sì ń béèrè ìtàn ìgbésí ayé tí yóò wọ ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n á ní iṣẹ́ bàbá kò ṣeé sọ, wọ́n á wá kọ ìlà mẹ́rin: ìgbà tí wọ́n bí wọn, iléèwé tí wọ́n lọ, ìjọba tí wọ́n sìn, iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó pa òwe náà kò kúkú ní ká ti gbogbo aṣọ mọ́nú àpótí. Èyí tí a kò sá rí, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Òṣìṣẹ́ ààbò ló ń tọ́ àwọn tó ń ṣọ́ géètì sọ́nà, ló ń rí i pé wọ́n ń fi dígí wo abẹ́ ọkọ̀, ló mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sèéfù wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọ̀nà tí aṣojú ìjọba yóò gbà lọ, tí kò ní gbà bọ̀. Àpò ìwé ìjọba tí àdéhùn Vienna ti 1961, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ḿbásì, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú lójú ọ̀nà, ó lè jẹ́ òun ni yóò tẹ̀ lé e. Kò sí àṣírí nínú èyí.

Ní 7 Oṣù Kẹjọ 1998, ní Nairobi, ẹ̀ṣọ́ kọ̀ láti ṣí géètì ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tó gbé bọ́ǹbù. Ìta ló bú sí, síbẹ̀ èèyàn 213 ló kú. Ìbúgbàù kékeré tó ṣáájú ti fa ọ̀pọ̀ èèyàn sójú fèrèsé kí gíláàsì tó fọ́ lù wọ́n. Ní 1999, Amẹ́ríkà fi í sófin pé kí ẹ́ḿbásì tuntun fi 100 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí odi rẹ̀. Bí bàbá yín bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn léèrè ohun tó yí padà níbi tí wọ́n wà lẹ́yìn oṣù yẹn. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń ṣí àgbà lẹ́nu ju “báwo ni bàbá wa ṣe rí?” lọ.

Déètì ló ń dàrú jù. Páásípọ́ọ̀tù pupa tí àwọn aṣojú ìjọba ń lò àti aláwọ̀ búlúù tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò, ti ìjọba Nàìjíríà ni, ẹ lè má bá a nílé. Aláwọ̀ ewé, ti gbogbo ará ìlú, ni kí ẹ wá, títí kan èyí tí wọ́n ti gé létí, torí òǹtẹ̀ inú rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí 04/07/1993 lórí ìwé Amẹ́ríkà, ọjọ́ keje Oṣù Kẹrin ni. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹrin Oṣù Keje ni. Ìdílé tí kò mọ èyí á ní bàbá wà ní ìlú méjì lọ́jọ́ kan náà. Níbi tí òǹtẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ lọ wo káàdì èsì ìdánwò àwọn ọmọ: orúkọ iléèwé, ìlú àti táàmù wà níbẹ̀. Màmá náà kì í gbàgbé ìlú tó ti bímọ.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹ má torí ìyẹn sọ bàbá di aṣojú ìjọba nígbà tó jẹ́ aláàbò ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ á ka ìwé náà, ẹ̀rín ni wọ́n á sì rín.

Aṣọ tí a kì í sá wá ńkọ́? Orúkọ ẹlẹgbẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwòrán inú ọgbà ẹ́ḿbásì, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀. Èyí tí mo rò pé ó burú jù ni pátákó ìkéde tó ń sọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń ti òkè òkun bọ̀, tó sì tún sọ ilé tí wọ́n máa dé sí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa àkókò ìrìnnà ẹlòmíràn mọ́, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ wá ń kéde lórí Facebook! Ẹ kéde ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àti aago. Ìyókù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn.

Fọ́tò máa ń lẹ̀ mọ́ áńbọ́ọ̀mù, pàápàá èyí tí wọ́n fi gúlúù sí lójú ewé, nígbà òjò. Ẹ má fà á. Ẹ yọ́ òwú tínrín wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn, torí báírò ń tẹ̀ ẹ́ lójú. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ skánà ṣe ẹ̀dà wọn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí wọ́n ṣe fọ́tò kékeré ní 600 dpi, ìyẹn iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan. 300 tó fún ńlá. Àpòòwé onípépà ni kí ẹ kó wọn sí, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń mú wọn làágùn. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílé ní Àkúrẹ́, ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ìlú mìíràn ní ẹ̀kẹta.