Ìdádúró díẹ̀ kọ́ ló ń tún dropdown ṣe

Bí focus (ibi tí kíbọọ̀dù ń kọ̀wé sí lójú ìwé) bá ń sá kúrò nínú dropdown, ìyẹn àpótí ìkọ̀wé tí àkójọ ohun téèyàn lè yàn ń ṣí lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí highlight, àwọ̀ tó ń bo ọ̀rọ̀ tí a yàn, ń parẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ń fúnra wọn ni pé: “Fi setTimeout sí i,” ìyẹn àṣẹ JavaScript tó ń dá kóòdù dúró fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé browser ń lọ́ra, ó yẹ ká dúró dè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Browser ń tẹ̀ lé ètò tirẹ̀ ni, kóòdù wa ni kò bá ètò náà mu.

Ẹ wo ètò ọ̀hún. Bí èèyàn bá fi mouse tẹ nǹkan, mousedown ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀, browser á gbé focus kúrò níbi tó wà, blur, ìyẹn ìkéde pé focus ti kúrò, á sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí ìka bá gbéra lórí mouse ni mouseup tó dé, click ló gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ pé kí àkójọ pa dé nígbà blur, ohun téèyàn fẹ́ yàn á ti pòórá kí click tó dé.

Ẹ lè fi setTimeout dá pípa dé náà dúró fún 200 milliseconds, kó sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín, torí pé kíákíá lẹ̀ ń tẹ nǹkan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ńkọ́? Àgbàlagbà tó máa ń tẹ mouse mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò ní rí nǹkan kan yàn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: àwọn tó yẹ ká rò mọ́ tiwa gan-an ni àtúnṣe yìí ń já kulẹ̀, a ò sì ní mọ̀, torí kì í ṣẹlẹ̀ níwájú wa.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ pe preventDefault, àṣẹ tó ń sọ fún browser pé kó má ṣe ohun tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀, lórí mousedown àkójọ náà. Focus á dúró sínú àpótí ìkọ̀wé, blur ò ní wáyé, click á dé láìséwu. Tó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn nínú àkójọ nílò focus, ẹ yẹ relatedTarget, tó ń sọ ibi tí focus ń lọ, wò nínú blur kí ẹ tó pa á dé; ṣùgbọ́n Safari lórí Mac kì í fún bọ́tìnnì ní focus tí wọ́n bá fi mouse tẹ̀ ẹ́, nítorí náà relatedTarget lè ṣófo níbẹ̀. Fún àwọn tó ń lo kíbọọ̀dù, aria-activedescendant, àmì tí a ń kọ sára àpótí náà nínú HTML, ló ń sọ èyí tó kàn nínú àkójọ fún ẹ̀rọ tó ń ka ojú ìwé sókè, láìgbé focus kúrò nínú àpótí.

Ti highlight kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá pe select(), àṣẹ tó ń highlight gbogbo ọ̀rọ̀ inú àpótí, nígbà tí focus dé, iṣẹ́ mouse kò tíì parí: browser á tún gbé cursor síbi tí wọ́n tẹ̀, highlight á lọ. Inú click ni kí ẹ ti pè é, ní ìgbà àkọ́kọ́ nìkan, kí èèyàn má bàa pàdánù àǹfààní láti gbé cursor sí àárín ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ <select> lásán, dropdown tí HTML fúnra rẹ̀ ní, lẹ̀ ń lò, kò ní select() rárá. Kò sí ọ̀rọ̀ téèyàn lè highlight nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó kọ setTimeout kankan, ẹ fi focusin, tó ń kéde pé nǹkan kan gba focus, sórí document (gbogbo ojú ìwé), kó máa tẹ event.target, nǹkan tó gba focus náà, jáde sí console. Ẹ ó rí ohun tó gba focus lọ. Tí ẹ bá tẹ inú DevTools, irinṣẹ́ àyẹ̀wò inú browser tí console wà, focus á kúrò lójú ìwé, àkójọ á sì pa dé mọ́ yín lójú. Kí ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀, nínú DevTools ti Chrome, ẹ ṣí Rendering, kí ẹ tan “Emulate a focused page”.