"Síkáànù Kò Rí Nǹkan Kan" Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ọwọ́ Ayé Ni

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá àgbà kan tún dìde láàárín àwa obìnrin, wọ́n ní bí ọmọbìnrin bá ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé, tí síkáànù kò sì rí nǹkan kan, inú rírun tó ń dà á láàmú kì í ṣe ti ilé ìwòsàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí iṣẹ́ síkáànù ni mo fi ń jẹun.

Ọ̀pá oníhò méjì ni ilé ọmọ kọ́kọ́ jẹ́ nígbà tí ọmọbìnrin ṣì wà nínú oyún. Àwọn méjèèjì a lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ògiri àárín wọn a sì yọ́ dànù. Ìdàgbàsókè kíndìnrín so mọ́ tiwọn, nítorí náà ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ lè ṣàìní kíndìnrín kan. Nínú àìsàn tí àwọn dókítà ń fi orúkọ Herlyn, Werner àti Wunderlich pè, ilé ọmọ jẹ́ méjì, ojú ara pẹ̀lú pín sí méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ dí pa, kíndìnrín ẹ̀gbẹ́ tó dí náà kì í sì í sí. Ẹ̀gbẹ́ tó ṣí ń da ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ síta lóṣooṣù, èyí tó dí ń kó tirẹ̀ pamọ́. Ẹ wá sọ fún mi bí nǹkan oṣù ṣe fẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ohun tó dí.

Mo rántí ọmọ ọdún 14 kan tí ìyá rẹ̀ mú wá pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò méjì, àti ìgò òróró àdúrà nínú báàgì. Ìwé kan ní kò sí nǹkan kan, èkejì ní kókó olómi ni. Kò sí èyí tó mẹ́nu kan kíndìnrín, nítorí abẹ́ ìdodo nìkan ni wọ́n gbé ẹ̀rọ lé. Mo gbé e lọ sí ìhà ọ̀tún: mo rí ẹ̀dọ̀, mo rí ìfun, n kò rí kíndìnrín. Nígbà tí mo pa dà sí ìsàlẹ̀, "kókó olómi" yẹn ti di ohun mìíràn lójú mi. Ó gùn, inú rẹ̀ dà bí omi tí eruku wọ̀, ó sì so mọ́ ilé ọmọ kejì. Ẹ̀rọ MRI, tó ń ya inú ara láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, ló fi gbogbo rẹ̀ hàn. Dókítà la ògiri tó dí ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣẹ́ jọ jáde, inú rírun náà sì lọ.

Wọ́n á ní àdúrà mú ti ẹlòmíràn lọ. Ó dáa, mo gbọ́. Inú rírun tó ń bá oṣù rìn a máa lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo gbà pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, àti pé MRI pàápàá nílò ẹni tó mọ àwòrán kà. Síbẹ̀, bí inú rírun ọmọ yín bá ń le sí i lóṣooṣù, ẹ ní kí wọ́n wo kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.