Ọjọ́ orí gìtá kọ́ ló ń dún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí ìdánrawò, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá mú fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá, ó ní kí n bá òun wo méjì tí wọ́n fẹ́ tà. Ọ̀kan ò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Èkejì ti lé ní ogójì ọdún, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti dá a lóhùn: "Àbúrò, má wo tuntun yẹn rárá. Èyí tó ti gbó ni kó o rà. Igi rẹ̀ ti gbẹ, ohùn rẹ̀ ti jáde."

Ohùn rẹ̀ ti jáde. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti ń ra àlòkù ohun èlò orin, tí mo ń lò ó, tí mo sì ń tà á. Ẹni tó ń tà á ń sọ ọ́, ẹni tó rà á ń tún un sọ, ẹni tó ń kọ́ni náà ń fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó ti sú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń san owó ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ́.

Orí fáyólìnì ni ìgbàgbọ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí jù, torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni ò tíì gbọ́ orúkọ Stradivari, ará Ítálì tó ń ṣe fáyólìnì, tó kú ní 1737? Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́ta ló wà nínú ohùn fáyólìnì rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó dáa. Ní 2010, ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olórin fáyólìnì ti pé jọ fún ìdíje, Claudia Fritz tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìró, àti Joseph Curtin tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fáyólìnì, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kó fáyólìnì mẹ́fà sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan. Mẹ́ta jẹ́ ti àtijọ́, Stradivari méjì àti ọ̀kan tí Guarneri, ará Ítálì míì, ṣe. Mẹ́ta jẹ́ tuntun. Èyí tó tuntun jù nínú wọn, bí ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n dín iná yàrá náà kù. Wọ́n fi awò dúdú irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò sójú àwọn olórin. Wọ́n tiẹ̀ fi lọ́fínńdà díẹ̀ sí abẹ́ ibi tí àgbọ̀n máa ń gbé lé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òórùn igi mọ èyí tó ti pẹ́. Olórin 21 ló wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú mú èyí tó máa wù ú láti gbé relé, 8 péré nínú 21 ló mú ti àtijọ́. Èyí tí wọ́n sì kọ̀ jù lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Stradivari ni. Wọ́n bi 17 lára wọn pé kí wọ́n sọ irú ibi tí èyí tí wọ́n yàn ti wá. Ẹni 7 ní àwọn ò mọ̀, ẹni 7 sọ ọ́, wọ́n ṣì í, ẹni 3 ló gbà á.

Mo mọ èsì tó máa ń tẹ̀ lé e: yàrá òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe gbọ̀ngàn orin, iṣẹ́jú díẹ̀ ò sì tó láti mọ fáyólìnì. Wọ́n tún un ṣe nìyẹn. Ní 2012, ní Vincennes, lẹ́bàá Paris, wọ́n pe mẹ́wàá nínú àwọn tó máa ń dá dúró ta fáyólìnì níwájú ẹgbẹ́ olórin ńlá, àwọn tí iṣẹ́ yìí ń bọ́. Mẹ́fà ti àtijọ́, mẹ́fà tuntun. Wọ́n lò wọ́n nínú yàrá kékeré, wọ́n tún lò wọ́n nínú gbọ̀ngàn tó gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́nà mẹ́ta. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá ní tuntun ni àwọn máa gbé rìnrìn àjò orin. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: wọ́n ní kí wọ́n máa sọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ àti èyí tó jẹ́ tuntun. Wọ́n gbà á ní ìgbà 31, wọ́n ṣì í ní ìgbà 33. Ẹni tó kàn ń ju owó ẹyọ sókè máa ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó jókòó gbọ́ ńkọ́? Wọ́n dán ìyẹn náà wò, ní Paris àti ní New York, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Fáyólìnì tuntun ló ń dún dé ọ̀nà jíjìn jù, òun náà ni àwọn tó ń gbọ́ fẹ́ràn jù. Àwọn náà ò lè fi etí mọ èyí tó pẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò pẹ́.

Bákan náà, ọ̀pọ̀ fáyólìnì Stradivari tí wọ́n ń lò lónìí ni kò rí bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn mọ́. Wọ́n ti yọ ọrùn rẹ̀, wọ́n fi èyí tó gùn jù ú lọ rọ́pò, wọ́n tún pààrọ̀ igi gbọọrọ tó wà nínú ikùn rẹ̀ sí èyí tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀, kí ó lè gba okùn tó ń fà gan-an. Ohùn ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń yìn, iṣẹ́ àwọn tó ń tún un ṣe wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Àwọn míì máa ń sọ pé lílò ló ń ṣí i, pé bí wọ́n bá ṣe ń ta á ni igi ń sọ̀rọ̀. Ní Sydney, wọ́n mú fáyólìnì méjì tí ẹnì kan náà fi igi kan náà ṣe. Wọ́n fi ọ̀kan pamọ́ sínú ilé àkójọ ohun àtijọ́, olórin kan ń lo èkejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ kò sí.

Ti pé àwọn àgbà olórin ń lo ti àtijọ́, àwọn àgbà olórin ló ń dún níbẹ̀. Ti pé gìtá àtijọ́ tí a rí dára, èyí tí kò dára nínú wọn ti di igi ìdáná tipẹ́. Èyí tó dára ni wọ́n pa mọ́ tí a fi rí i. Òótọ́ ni pé igi ń gbẹ sí i, tó sì ń fúyẹ́ díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn ran gìtá kan lọ́wọ́ níbì kan, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ pé ọdún ń ṣe fún gìtá, mo mọ̀ ọ́n torí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Gìtá tí mo kọ́kọ́ fi owó gidi rà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó dé ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni tó tà á sọ fún mi, mo sì gbà á gbọ́. Okùn irin mẹ́fà orí gìtá ń fa ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó kílò 70, tọ̀sán tòru, ọdún dé ọdún. Ọrùn tèmi ti tẹ̀ síwájú. Pákó iwájú ti wú sókè lẹ́yìn ibi tí okùn so mọ́. Tí mo bá fi rúlà sí i, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lábẹ́ etí méjèèjì rúlà náà. Ní frẹ́ẹ̀tì kejìlá, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá, okùn ga ju mìlímítà márùn-ún lọ, nígbà tó yẹ kó wà láàárín méjì sí mẹ́ta. Bí mo bá tẹ okùn kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, títẹ̀ yẹn nìkan ti fà á kúrò lóhùn rẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi rò pé etí mi ni kò dáa àti pé ìka mi ni kò lágbára. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àkísà yẹn ni mo fi owó rà. Nígbà tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún gìtá ṣe, iye tó ní òun máa fi yọ ọrùn náà tún un tò ju iye tí mo fi ra gìtá lọ.

Àwọn ohun èlò orin yòókù ò sàn jù bẹ́ẹ̀. Dùùrù ńlá ní okùn bí 230, tí gbogbo wọn ń fà pọ̀ tó tọ́ọ̀nù méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí igi tó di ìṣó wọn mú bá ti dẹ̀, kò ní dúró lóhùn mọ́. Awọ tó ń dí ojú ihò saxophone máa ń le, afẹ́fẹ́ á máa jò. Idẹ fèrè máa ń jẹra láti inú, ẹ máa rí àmì pupa wínníwínní lára rẹ̀. Kíbọọ̀dù kò tiẹ̀ nígi tó máa gbẹ, síbẹ̀ mo ti gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé ti àtijọ́ dára jù láìyan irú rẹ̀.

Àlòkù dára o, àlòkù ni gbogbo ohun tí mo ń lò. Iye ọdún ni mi ò ní sanwó fún.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n wa pé kí wọ́n gbé gìtá àtijọ́ tiwọn wá sí ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fẹ́ràn gan-an, tó sì dára lóòótọ́. Èmi gbé tèmi wá, ọdún mẹ́fà. Okùn tuntun irú kan náà ni mo fi sí méjèèjì, torí okùn tó ti kú tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá ń yí ohùn gìtá padà ju ogún ọdún lọ. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ta orin kúkúrú kan náà nígbà mẹ́wàá, bí mo bá ṣe fẹ́ ni mo ń mú gìtá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n mọ tiwọn yàtọ̀ sí tèmi. Wọ́n ní ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíì ta á, wọ́n ní ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọmọbìnrin yẹn àti èmi lọ wo èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ó gbé e sójú bí ẹni ń wo ojú ìbọn, ó wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gún. Ó tẹ frẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí, kò yára. Lórí okùn kẹta ló ti bá ìlọ́ kan, ohun tí a fi ń lọ́ okùn kó le, tó ti dẹ̀, tí okùn ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi han ẹni tó ń tà á, ẹni náà yọ owó ìlọ́ kúrò níbẹ̀, ọmọbìnrin náà sì gbé gìtá náà lọ sílé.